Ta Ni Jolene? Orísun Orin Dolly Parton Létí Àwọn Olùkọ́ Èdè ní Tamale

Ní ọdún 2023, àwọn olùkọ́ èdè kan ní ìlú Tamale, ní àríwá Gánà, ké sí mi pé kí n wá bá wọn jókòó fún ọjọ́ méjì lórí iṣẹ́ ìtumọ̀. Wọ́n fẹ́ fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní orin. Wọ́n ti yan orin mẹ́rin nínú iṣẹ́ Dolly Parton, òǹkọrin kọ́ńtìrì ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n fẹ́ túmọ̀ sí Dagbani, Haúsá àti Yorùbá. Olùkọ́ Dagbani mẹ́fà ni ó wà níbẹ̀, olùkọ́ Haúsá mẹ́rin, àti ìyá àgbàlagbà kan tí ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ṣẹ́kù ní ìlú náà ní ìwé kíkà lọ́jọ́ Sátidé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó wà lórí ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún iṣẹ́ náà nìyí: Ta ni Jolene? Ìkejì ni: Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin yìí tí ó fi kọ orin náà? Máàkì mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n fi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ìbéèrè méjèèjì yìí kì í ṣe tuntun sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ́ ọmọ ní lítíréṣọ̀ rí. Àwa gan-an ni a dá wọn sílẹ̀. Bí a bá fẹ́ kọ́ni ní orin tàbí ewì, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń wá ni ìtàn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀: ta ni wọ́n ń bá wí, ìjà wo ni ó fà á, ta ni ó kú. Àwọn kan wà nínú àwa lámèyítọ́ tí wọ́n gbà pé bí a bá ti rí ìtàn náà, iṣẹ́ ti parí. N kò sí lára wọn. N kò sì sí lára àwọn tí ó ní kí a pa ìtàn tì pátápátá, kí a dojú kọ ọ̀rọ̀ inú orin nìkan. Ohun tí mo fẹ́ fi àwọn orin obìnrin yìí gbé yẹ̀wò ni pé ìtàn orísun orin kì í sọ ìtumọ̀ orin fún wa; àmọ́ ibìkan wà tí a kò ti lè ṣe aláìbéèrè rẹ̀, ìyẹn ibi tí èdè tiwa bá ti fi dandan mú wa yan ohun tí èdè olórin kò yàn.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé orin kọ́ńtìrì ni wọ́n mú, tí kì í ṣe orin ilẹ̀ Dagbon. Kò yà mí lẹ́nu. Tamale ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni baba mi ti wá. Aṣọ ni ó ń tà ní ọjà ìlú náà, bí ọ̀pọ̀ Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìgbẹ́tì àti Ìgbòho ti ń tajà níbẹ̀ nígbà náà. Bí kò bá jẹ́ I. K. Dairo ni ó ń dún lórí giramafóònù ilé wa, a jẹ́ pé Jim Reeves ni. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí baba mi gbọ́ kò ju mẹ́wàá lọ, gbogbo wọn ni ó sì jẹ mọ́ iye owó. Síbẹ̀, bí Jim Reeves bá ń kọrin, yóò máa mi orí bí ẹni tí wọ́n ń kì. Nígbà tí mo dàgbà, mo bi í pé kí ni ó ń gbọ́ nínú orin náà. Èsì rẹ̀ kò gùn: “Ohùn ọkùnrin yẹn ń bẹ̀bẹ̀.” Mo ti ka àlàyé àwọn onímọ̀ lórí ìdí tí orin yìí fi wọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lára tó bẹ́ẹ̀, n kò tí ì rí èyí tí ó dára ju ti baba mi lọ.

Àwọn olórin wa náà gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yẹn. Nínú àwo Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982, Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ni ó lu gìtá tí a ń tẹ́ sílẹ̀ bí tábìlì, tí a ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀. Gìtá yìí kò sí nínú jùjú àtijọ́. Orin kọ́ńtìrì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Ní 1986, Adépọ̀jù kan náà ni ó lù ú nínú orin Graceland tí Paul Simon, ará Amẹ́ríkà, kọ. Ohùn tí ó kúrò ní Amẹ́ríkà gba ọ̀dọ̀ wa padà sílé.

Ọjọ́ 19 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1946 ni wọ́n bí Dolly Parton, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè ńlá ìlà-oòrùn Tennessee, nínú ilé oníyàrá kan. Òun ni ìkẹrin nínú ọmọ méjìlá. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé kà ni baba rẹ̀. Ìyá rẹ̀ a sì máa kọ àwọn orin ìtàn àtijọ́ fún wọn. Àpò ìyẹ̀fun àgbàdo kan ni wọ́n fi san owó dókítà tí ó gbẹ̀bí rẹ̀, Robert F. Thomas, ó sì fi orúkọ dókítà náà kọ orin ní 1973. Ní 1964, ní ọjọ́ kejì tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Nashville. Ní 1967 ó wọ ẹgbẹ́ Porter Wagoner, olórin tí ó ní ètò tirẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Láti ìgbà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn ni kò ti yé sọ bí orin rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe wáyé. Ó ń sọ ọ́ lórí ìtàgé, ó ń sọ ọ́ fún oníròyìn, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ìtàn orísun ti di apá kan iṣẹ́ ọnà rẹ̀, bí ìbà ṣe jẹ́ apá kan iṣẹ́ àwọn akéwì wa. Ẹni tí ó bá ń fi ìtàn náà tú orin, kí ó rántí pé iṣẹ́ ọnà kan ni òun ń fi tú òmíràn.

Orin tí òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ràn jù ni Coat of Many Colors. Ìtàn inú rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ìyá kan tí kò lówó kó àkísà jọ, ó rán wọn pọ̀ di ẹ̀wù fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Bí ó ti ń rán an ni ó ń sọ ìtàn Jósẹ́fù inú Bíbélì fún un, Jósẹ́fù tí baba rẹ̀ dá ẹ̀wù tí ó yàtọ̀ fún. Ọmọ náà wọ ẹ̀wù yìí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tìyangàn-tìyangàn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí i ní kékeré. Ní 1969 ni ó kọ orin náà nínú bọ́ọ̀sì tí ẹgbẹ́ Wagoner fi ń rìnrìn àjò. Ó jáde ní 1971. Kò rí ìwé tí yóò kọ ọ́ sí. Ó mú rìsíìtì alágbàfọ̀ tí ó wà lára ẹ̀wù Wagoner, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó kọ orin sí.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí rìsíìtì yìí. Ẹ̀wù Wagoner kì í ṣe ẹ̀wù lásán. Èyí tí wọ́n fi òkúta dídán àti òwú aláràbarà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni, kí ó lè máa kọ mọ̀nà lábẹ́ iná ìtàgé. Orin àkísà, ẹ̀yìn rìsíìtì ẹ̀wù olówó ńlá ni a kọ ọ́ sí. Wagoner tilẹ̀ fi rìsíìtì náà sínú férémù nígbà tí orin náà gbajúmọ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa orísun orin yìí, èyí ni ó ṣe pàtàkì sí mi jù, nítorí pé kò sí nínú orin náà. Ìtàn ìyá àti àkísà wà nínú orin. A kò nílò oníròyìn kí a tó gbọ́ ọ. Rìsíìtì ni ó ń sọ ibi tí obìnrin náà jókòó sí nígbà tí ó bojú wẹ̀yìn: ó ti wọ bọ́ọ̀sì àwọn ọlọ́ṣọ̀ọ́, ó ti mọ iye tí a ń fi fọ ẹ̀wù. Ọmọ tí ó wà nínú àkísà kò lè kọ orin yìí. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà nínú òwe yẹn jẹ́ ọjọ́ orí, ó jẹ́ ohun tí ojú ti rí, ó sì jẹ́ ẹ̀rí pé ẹnìkan ti wọ aṣọ gbó rí. Èmi kò rí lámèyítọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sọ ọ̀rọ̀ orin yìí tó bí òwe náà ṣe sọ ọ́.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a fẹ́ túmọ̀ àkọlé. Àwọn olùkọ́ Dagbani ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹ̀wù tí a fi abala rán pọ̀ kò lè jẹ́ ohun ẹlẹ́yà fún ọmọ Tamale. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Fúgù, tí àwọn mìíràn ń pè ní bàtàkàrí, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a hun ni a ń rán mọ́ ara wọn kí ó tó di ẹ̀wù, bí a ti ń ṣe òfì tiwa. Ẹ̀wù ìjòyè ni. Fúgù ni Kwame Nkrumah wọ̀ ní òru tí ó kéde òmìnira Gánà ní 1957. Ìyá Yorùbá náà sì fi tirẹ̀ kún un: ó ní nílé baba òun, ẹ̀kú eégún ni ó ní abala jù, ọdọọdún ni wọ́n ń fi aṣọ tuntun kún un, bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni eégún náà ṣe níyì tó. Ó ní kí a pè é ní Ẹ̀wù Alábala.

Mo takò ó lọ́jọ́ náà, mo sì tún ń takò ó títí di ìsinsìnyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àbá rẹ̀ dùn létí ju tèmi lọ. Ẹ̀wù kan ṣoṣo yìí ní orúkọ méjì nínú orin: orúkọ tí ìyá fún un, tí ó mú láti inú Bíbélì, àti orúkọ tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fún un, ìyẹn àkísà. Ìjà orúkọ méjì ni orin náà. Bí a bá ti sọ ọ́ ní ẹ̀wù alábala, ìjà ti parí kí orin tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò fi eégún rẹ́rìn-ín. Níhìn-ín a nílò orísun. A gbọ́dọ̀ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ní ìgbèríko Tennessee ìgbà náà, ẹ̀rí òṣì ni ẹ̀wù báyìí, kì í ṣe ẹ̀rí ìdílé ńlá. Ẹ̀wù Aláwọ̀ Púpọ̀ ni mo dábàá, kí ó lè mú Jósẹ́fù wá sọ́kàn.

Kí n sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè: àwọ̀ púpọ̀ yẹn gan-an kò dájú. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó wà nínú ìtàn Jósẹ́fù, ketonet passim, kò tí ì yé àwọn onímọ̀ délẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀wù alápá gígùn ni. Àwọn tí ó túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gíríìkì láyé àtijọ́ ni wọ́n mú èrò àwọ̀ wọ̀ ọ́, ó sì gba ibẹ̀ dé inú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn atúmọ̀ yẹn bá yan ọ̀nà kejì ni, ìyá yẹn ì bá má rí ìtàn Jósẹ́fù fi bo àkísà lójú ọmọ rẹ̀. Inú mi dùn láti sọ èyí fún àwọn atúmọ̀ mọ́kànlá tí ó jókòó níwájú mi.

Àmọ́ ohun tí ó fa àríyànjiyàn jù lọ ni ìparí orin náà. Ó fi ẹ̀kọ́ kan parí: pé ọkàn ẹni ni òṣì wà, pé ẹni tí kò bá gbà á kò tòṣì. Olùkọ́ Haúsá kan tí ó ti tó ọmọ ọgọ́ta ọdún pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní òun kò ní kọ́ ọmọ kankan ní èyí. Ó tọ́ka sí mi, ó ní kí n sọ fún wọn bóyá àwọn ará ilé mi yàn án ní 1969.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni àṣẹ jáde ní Gánà pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí wọ́n kúrò ní ìlú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Mo rántí àwọn ìgàn aṣọ tí a tò sí iwájú ilé, tí àwọn ènìyàn ń dá iye tí wọ́n fẹ́ lé e. Mo rántí pé ìyá mi gé etí àwọn aṣọ tí kò tà, ó sì fi wọ́n rán àpò tí a kó ìkòkò sí. Ẹ̀wù aláwọ̀ púpọ̀ tiwa nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò yàn án.

Ǹjẹ́ ìtàn orísun lè gba ìparí orin yìí lọ́wọ́ ìbínú olùkọ́ náà? Ó lè ràn án lọ́wọ́ dé ìwọ̀n kan. Bí a bá mọ̀ pé ìyá ni ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà tu ọmọ nínú, a óò gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ìtùnú tí ọmọ ń tún sọ fún àwọn tí ń fi í ṣẹ̀sín, ẹnu ọmọ ni ó sì ti tọ́ sí i. Ìyá kì í sọ fún ọmọ pé òṣì kò ní òpin. Àmọ́ ẹni ọdún 23 tí ó wà nínú bọ́ọ̀sì ni ó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìparí, tí ó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ fún gbogbo ayé. Òun náà sì ni ẹni tí kò lò ju òru ọjọ́ kan lọ lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá kí ó tó sá fún òṣì ọ̀hún. Ó mọ̀ pé kì í ṣe inú ọkàn nìkan ni ó wà. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni orin náà ti rẹlẹ̀ jù. Ó yẹ kí ó ti parí nígbà tí àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ìyá Yorùbá náà ní mi ò tí ì bímọ obìnrin rí ni.

Jolene yàtọ̀. Ó jáde ní 1973. Obìnrin kan ń bẹ obìnrin mìíràn pé kí ó má gba ọkọ òun. Orísun tí òǹkọrin sọ jẹ́ méjì. Àkọ́kọ́ ni akọ̀wé báǹkì kan, onírun pupa, tí ó máa ń ṣe ojú sí ọkọ rẹ̀ Carl Dean nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí tọkọtaya náà fi ń ṣàwàdà. Ìkejì ni ọmọbìnrin kékeré kan tí ó wá gba ìbuwọ́lùwé lẹ́yìn eré. Ó bi ọmọ náà ní orúkọ. Ọmọ náà ní Jolene ni òun ń jẹ́. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn létí, ó sì ń pè é lápètúnpè kí ó má baà gbàgbé.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìbéèrè wa. Ta ni Jolene? Akọ̀wé báǹkì kọ́, nítorí pé kò jẹ́ Jolene. Ọmọ kékeré kọ́, nítorí pé kò gba ọkọ ẹnikẹ́ni. Àwàdà inú ilé ni ó di ẹkún. Orúkọ ọmọ aláìmọ̀kan ni ó di orúkọ orogún. Ìtàn kéré sí orin. Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá dáhùn pé akọ̀wé báǹkì ni, tí olùkọ́ sì fún un ní máàkì mẹ́wàá, òfófó ni a kọ́ ọ, kì í ṣe orin.

Ohun tí ó jẹ́ orísun tòótọ́ níhìn-ín ni ìró. Sílébù méjì ni orúkọ náà, orí èkejì ni agbára ohùn wà, fáwẹ̀lì rẹ̀ sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè fà á bí ẹni tí ń pe ènìyàn tí ó ti ń lọ. Ìgbà mẹ́rin ni ó pè é kí ó tó sọ ohun tí ó fẹ́. Àwa tí a ń sọ Yorùbá kò nílò àlàyé fún èyí. Bí a bá fẹ́ bẹ ẹni tí ó lágbára jù wá lọ, orúkọ ni a ń kọ́kọ́ pè. Lẹ́yìn orúkọ ni oríkì. Lẹ́yìn oríkì ni ẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni obìnrin yìí ṣe: ó pè é, ó yin irun rẹ̀, ó yin ojú rẹ̀, ó yin ohùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó kúnlẹ̀. Orin orogún tiwa kì í sábà rí báyìí. Òwe àti èébú ni a fi ń kọ ọ́, a ó sì sọ pé adìẹ ni a ń bá wí. Obìnrin yìí ń ki ẹni tí ó ń bẹ̀rù. Ní Dagbon, àwọn onílù tí ń jẹ́ lunsi máa ń fi ìlù pe orúkọ àwọn ọba láti ìran dé ìran. Orúkọ oyè lásán ni Nagbiegu tí ó wá di ìlù àti ijó, ìlù Yaa Naa Abdulai. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ Dagbani ta tábìlì bí ìlù, ó sì pe Jolene ní ìgbà mẹ́rin. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò tí ì gbọ́ àlàyé orin náà tí ó péye ju ti ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ti 9 to 5 kò gba àkókò. Fíìmù tí ó bá a jáde ní 1980 ni ó ń ṣe nígbà tí ó kíyèsí pé èékánná àtọwọ́dá òun, bí òun bá fi ha ara wọn, ń dún bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àwọn akọ̀wé. Inú ìró yẹn ni orin ti jáde. Ìró ṣáájú ọ̀rọ̀.

Orin tí ó kẹ́yìn ni ó yí èrò mi padà díẹ̀. Ní 1973 Parton pinnu láti kúrò lọ́dọ̀ Wagoner, ọ̀gá tí ó gbé e dìde, tí ó sì fi nǹkan bí ọdún 18 jù ú lọ. Ọ̀gá kò gbà. Ó wá kọ I Will Always Love You, ó sì lọ kọ ọ́ fún un. Orin náà gba ipò kìn-ín-ní láàrin orin kọ́ńtìrì ní 1974, ó tún gbà á ní 1982. Nígbà tí Whitney Houston kọ ọ́ nínú fíìmù The Bodyguard ní 1992, ó di orin olólùfẹ́ fún gbogbo ayé. Mo ti bá a pàdé níbi ìgbéyàwó ní Ìbàdàn, mo sì bá a pàdé ní Tamale. Orin ìdágbére ni, níbi tí a ti ń so yìgì! Bí a bá ní kí a fi orísun bá wọn wí, a óò sọ pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. N kò ní bá wọn wí. Ohùn orin náà gba ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á.

Àmọ́ ẹ gbìyànjú láti túmọ̀ àkọlé náà sí Yorùbá. Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo yẹn, mélòó ni tiwa? Bí mo bá ní mo fẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti wọ̀ ọ́. Bí mo bá ní mo fẹ́ràn rẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀gá, ó lè jẹ́ ọmọ, ó lè jẹ́ oúnjẹ. Bí mo bá ní mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ti ń sọ èdè ìjọ àti ti ìwé. Èyí kéré. Ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀? Gẹ̀ẹ́sì ní you, ó ti parí. Yorùbá ní kí n yan: rẹ ni àbí yín? Nínú ẹnu ọmọbìnrin Yorùbá tí ó ń dágbére fún ọ̀gá tí ó ju òun lọ ní ọdún 18, rẹ kò ṣeé gbọ́ sétí. N óò máa fẹ́ràn yín ni yóò sọ. Bí a bá sì ti sọ yín, orin náà kò lè jẹ́ orin olólùfẹ́ mọ́ létí ọ̀pọ̀ nínú wa. Alàgbà ni ó wà níwájú rẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ni ó sì wà. Whitney Houston nínú fíìmù rẹ̀ kò lè sọ yín. Rẹ ni yóò sọ, N óò máa nífẹ̀ẹ́ rẹ. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan, orin Yorùbá méjì.

Ibí ni a kò ti lè ṣe aláìbéèrè orísun. Kì í ṣe pé orísun sọ ìtumọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì fún wa; orin Gẹ̀ẹ́sì gba méjèèjì mọ́ra, ìdí nìyẹn tí ó fi lè kúrò lẹ́nu ẹnìkan dé ẹnu ẹlòmíràn. Ohun tí orísun sọ fún wa ni irú orin Yorùbá tí a fẹ́ kọ. Ìyá Yorùbá náà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: “Ọ̀gá rẹ̀ ni. Yín ni.” Àwọn tí ó kéré lọ́jọ́ orí fẹ́ rẹ, nítorí ìgbéyàwó. A jẹ́ kí méjèèjì wà nínú ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo ronú kan orin kan tí ìyá mi máa ń kọ bí ó bá ń ránṣọ. Ìgbà mẹ́ta ni mo bi í léèrè ibi tí orin náà ti wá. Nígbà àkọ́kọ́, ó ní aládùúgbò kan ní ọjà ni ó bú òun. Ní bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó ní ojú àlá ni òun ti gbọ́ ọ. Kí ó tó kú, ó sọ ẹ̀kẹta: obìnrin Dagomba kan tí ilé rẹ̀ kan tiwa ní Tamale ni ó ni orin náà, òun kò gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa nígbà náà, nítorí náà òun wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ohùn rẹ̀ bá orin náà mu, ni òun bá fi wọ́n sí i. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tú bí òwe, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó yàn wọ́n. Ó ṣeé ṣe kí èyí náà máà jẹ́ òtítọ́. Mo kọ orin náà fún àwọn olùkọ́ Dagbani bóyá ẹnìkan nínú wọn yóò dá a mọ̀. Ẹnìkan ní ó jọ orin tí ìyá àgbà òun máa ń kọ, ṣùgbọ́n kò rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí a tó túká, wọ́n tún ìwé ìbéèrè wọn ṣe. Wọ́n pa ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ́, wọ́n sì kọ òmíràn sípò rẹ̀: Kí ni ìdí tí obìnrin yìí fi pe Jolene ní ìgbà mẹ́rin kí ó tó sọ ohun tí ó fẹ́? Máàkì mẹ́wàá náà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un.